Àtíbàbà Pẹ́pẹ́yẹ

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀ọ̀!"

Àlọ́ mi gun orí àtíbàbà, ó yọ̀ gìrì, ó já lu Òkété, ó já lu Pẹ́pẹ́yẹ àti ẹyin mẹ́sàn-án.

Ní ìgbà kan rí, Pẹ́pẹ́yẹ yé ẹyin mẹ́sàn-án sí iwájú ilé rẹ̀. Inú ilé ti rin gbingbin, ẹyin kò lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iwájú ilé náà kọjú sí ibi tí oòrùn ń wọ̀. Tí ọ̀sán bá ti yẹ̀, oòrùn á máa jó ẹyin bíi pé ó fẹ́ sè wọ́n jẹ. Pẹ́pẹ́yẹ á na ìyẹ́ méjèèjì bò wọ́n, òógùn á máa bọ́.

"Apá ń ro mí o! Tí n kò bá rí ibòji ṣe, ẹyin wọ̀nyí á bàjẹ́."

Òkété gbọ́. Ó sáré dé, ó fi okùn kọ́ ọrùn bí ọ̀gá.

"Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, ẹ kú oòrùn o. Àtíbàbà lẹ nílò. Èmi gan-an lẹ ń wá!"

Ẹ̀ga, ẹyẹ aláriwo tó ń hun ìtẹ́ sórí ọ̀pẹ, ké láti òkè: "Ìyá, èmi náà mọ̀ ọ́n so! Ọ̀fẹ́ ni mo máa ṣe é!"

"Ẹ má dá a lóhùn," Òkété wí. "Ẹnu nìkan ló ní."

Pẹ́pẹ́yẹ gbà fún Òkété.

Àṣà ìlú wọn ni pé ọjọ́ tí àtíbàbà bá parí, abẹ́ rẹ̀ ni ẹni tó pa á ti gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ iṣẹ́. Oúnjẹ yìí gan-an ni Òkété ń lé. Ó ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀, ó to ọparun lé wọn, ó da imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Ó so okùn, ó fà á wò lójú Pẹ́pẹ́yẹ. Ó le gbagidi! Ṣùgbọ́n bí ìyá yẹn ṣe wọlé lọ bu oúnjẹ, Òkété gun òkè, ó fi eyín gé gbogbo okùn dé ìdajì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó nu ẹnu. Ó jẹ àkàrà, ó mu ẹ̀kọ, ó ń kọrin lọ sílé. Ẹ bá mi gbè é:

Mo pa á, ó dúró,
*Kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́-kẹ́!*
Mo jẹun, mo lọ,
*Kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́-kẹ́!*
Bó bá wó, wọ́n á pè mí,
*Kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́-kẹ́!*

Afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ fẹ́. Gbàà! Àtíbàbà wó. Ẹ̀yìn ni Pẹ́pẹ́yẹ fi gbà á kó má baà lu ẹyin.

"Afẹ́fẹ́ àdúgbò yín yìí mà burú o!" Òkété wí lọ́jọ́ kejì. Ó tún un pa, ó tún jẹun, àtíbàbà tún wó. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní ariwo Ẹ̀ga ló ń wó o. Ẹ̀ga bínú títí ó gbàgbé láti pariwo. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àtíbàbà tún wó, ọparun kan já bọ́, ó fọ́ ẹyin kan.

Pẹ́pẹ́yẹ sunkún. Nígbà tó nu ojú tán, ó rò ó wò. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wó. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, Òkété ti jẹun tán, ó ti lọ. Kí ló dé tí kì í wó lé òun lórí?" Ó kó ẹyin mẹ́jọ tó kù sínú agbọ̀n, ó gbé e jìnnà. Ó wá gbé ìkòkò ẹ̀kọ tó tóbi jù nílé kaná.

Lọ́jọ́ kẹrin, Òkété pa àtíbàbà tán, ó gé okùn, ó jókòó. Pẹ́pẹ́yẹ gbé ogún àkàrà síwájú rẹ̀, ó gbé odindi ìkòkò ẹ̀kọ gbígbóná sí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ìyá, ṣé èmi nìkan lẹ gbé gbogbo eléyìí fún?"

"Ìwọ nìkan ni, ọ̀gá. Òmíràn ṣì wà nínú epo."

Ó jẹ, ó tún jẹ. Ó wo ojú ọ̀run, ó fẹ́ dìde.

"Mẹ́fà gbígbóná ló dé yìí o!"

Ó tún jókòó.

Ẹ̀ga ké: "Afẹ́fẹ́ ń bọ̀ o! Ó ti kọjá odò!"

Òkété ki àkàrà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó ki í sí ti òsì. "Ìyá, ẹ jẹ́ n gbé ìyókù lọ sílé."

"Ó tì o! Abẹ́ àtíbàbà la ti ń jẹ ẹ́. Àbí okùn rẹ kò dá ẹ lójú ni?"

Òkété wo òkè. Ó wo àkàrà.

"Ó… ó dá mi lójú."

Àkàrà ku méjì. Ó ku ọ̀kan. Ó na ọwọ́ sí i…

Gbàgà! Imọ̀ bò ó mọ́lẹ̀, ọparun gbá ìkòkò, ẹ̀kọ gbígbóná dà sí ìrù rẹ̀ láti àárín dé ṣóńṣó.

"Yéè! Okùn tí mo gé o! Okùn tí mo gé o!"

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́. Ẹ̀ga rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ láti orí ọ̀pẹ.

"Ọmọ mi, má bínú sí mi," Pẹ́pẹ́yẹ wí fún un. "Dákun, bá mi so ó."

Ẹ̀ga so ó. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń di okùn, kò sinmi ọ̀kankan nínú méjèèjì. Pẹ́pẹ́yẹ kó ẹyin padà sábẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ fẹ́, àtíbàbà kò mira. Lọ́jọ́ keje, ẹyin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pa.

Ìrù Òkété? Láti àárín dé ṣóńṣó, funfun ló wà títí dòní. Ìtìjú yẹn ló mú un wọ ihò, kì í jáde lọ́sàn-án mọ́.

Ìdí àlọ́ mi rèé: bó o bá ń pa ibòji fún ẹni ẹlẹ́ni, so ó bíi pé ìwọ lo máa sùn sábẹ́ rẹ̀.