Pèrègún Baba Ìjọ

Láti ọjọ́ Sátidé ni Ajíbóyè, olùkọ́ ìjọ, ti mọ̀ pé ẹ̀kọ́ kíkà ọ̀la yóò ta Baba Ìjọ lára. Ẹsẹ náà gégùn-ún fún ẹni tó bá yẹ ààlà ọmọnìkejì rẹ̀. Gbogbo abúlé ló sì mọ̀ pé Baba Ìjọ, tó fowó ara rẹ̀ kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ti hú pèrègún ojú ààlà, ó sì lọ gbìn ín sínú oko opó kan.

Baba Ìjọ wá bá a nílé. "Olùkọ́, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àbí abúlé yìí ti sú ọ?"

"Baba, ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ajíbóyè ka ẹsẹ náà ketekete, ó tún un kà, ó sì jókòó. Kò fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kankan lé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó bá Baba Ìjọ lóko, tó ń gbin pèrègún padà sójú ààlà àtijọ́.

"Ká ní o wàásù ni," Baba Ìjọ wí láìgbójú sókè, "ìwọ ni ǹ bá bá jà."