Ọnàdípẹ̀ àti Àwòrán Oníbodè

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọ̀rọ̀ yìí ló jáde fún Ọnàdípẹ̀ ayàwòrán, lọ́jọ́ tó ń sunkún aya, tó sì ń múra àtilọ ya ìlú òkèèrè.

Láyé ogun ni. Láti ìgbà tí Àwẹ̀ní ìyàwó rẹ̀ ti kú, ojú ẹni yòówù tí Ọnàdípẹ̀ bá fi èédú yà, ojú Àwẹ̀ní ni í dà. Ó ya baálẹ̀, Àwẹ̀ní ló jókòó sórí àga. Ẹ̀rù bà á pé iṣẹ́ tí bàbá òun fi lé òun lọ́wọ́ fẹ́ bá òkú lọ. Ó ní òun yóò lọ sí ilẹ̀ Tápà, òun yóò máa ya odi, nítorí odi kò lójú.

Òun àti Ògúntádé, ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tọ Ìyá Ẹfúnṣeyè lọ, obìnrin tó ń fi owó ẹyọ yẹ ọ̀nà wò fún arìnrìn-àjò. Ìyá wo ẹyọ títí.

"Ẹ fi ẹyẹlé rúbọ," ló wí. "Ẹbọ tó kù, ojú ọ̀nà lẹ ó ti rú u. Ìlú tí ẹ bá dé, kí ẹ tó ya odi, ẹ ya èèyàn kan, kí ẹ sì fi àwòrán náà fún ẹni tó ni ojú."

Ọnàdípẹ̀ dorí kodò. "Ìyá, ojú kan ṣoṣo lọwọ́ mi mọ̀."

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí o rú u."

Ògúntádé rẹ́rìn-ín. "Tákàdá wọ́n ju ẹyẹlé lọ, Ìyá. Ṣé à ń lọ kó ọjà wálé ni, àbí à ń lọ ṣe sàráà?"

Ọnàdípẹ̀ nìkan ló rúbọ. Nígbà tí wọ́n dé ìlú olódi kan létí Odò Ọya, Ògúntádé gba ẹ̀yìn odi lọ, ó ń ya yàrà àti ibi tí odi ti lanu. Ọnàdípẹ̀ jókòó síwájú oníbodè, àgbàlagbà kan tó gbọ́ èdè wa. Ó fi èédú kan tákàdá; Àwẹ̀ní yọjú. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á rẹ́. Ó nu omijé, ó gbójú sókè, ó sì wo bàbá náà bí ẹni tí kò tíì wo èèyàn rí: ilà ojú rẹ̀, eyín tó ti ká, ìpéǹpéjú kan tó wọ̀ ju èkejì lọ. Ohun tó rí ló yà. Ó fi lé e lọ́wọ́.

Oníbodè wò ó. "Èmi rèé? Mo ti darúgbó tó báyìí, ìyàwó mi ò sì sọ fún mi."

Nírọ̀lẹ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ́ Ògúntádé dé pẹ̀lú àwòrán odi. Wọ́n ní amí ogun ni; wọ́n sì gbá Ọnàdípẹ̀ náà mú. Oníbodè na àwòrán tirẹ̀ sókè. "Amí kì í fi ohun tó rí sílẹ̀ lọ," ló wí. Wọ́n tú Ọnàdípẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ Ọnàdípẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n pa Ògúntádé, ṣùgbọ́n wọ́n sun gbogbo tákàdá rẹ̀, wọ́n sì lé e padà. Ó ń wí lójú ọ̀nà pé, "Tákàdá kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n fi sílẹ̀."

Ọnàdípẹ̀ rìn jìnnà. Ìlú tó bá dé, èèyàn ló kọ́kọ́ ń yà; ẹnubodè sì ń ṣí fún un. Ẹni tó gbọ́ ẹbọ tó rú u, ire bá a lọ́nà. Ẹni tó fi ẹbọ rẹ́rìn-ín, àbámọ̀ ló bá a délé.

Nígbà tí Ọnàdípẹ̀ padà sílé, ó tẹ́ tákàdá, ó mú èédú, ó sì pe Àwẹ̀ní. Ó wá. Láti ọjọ́ náà, ìgbà tó bá pè é nìkan ló ń wá.