Sípíríngì Ẹ̀yìn Mọ́tò Sàláwù

Mekáníìkì ni mí, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí o. Sàláwù, alága gáréèjì wa, tó sanra bí àgbá epo, ló ní kí n yan sípíríngì ẹ̀yìn fún mọ́tò òun: kó le tóun bá fẹ́ fi díje, kó sì rọ̀ tóun bá ń gbé màmá òun lọ mọ́ṣáláṣí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á tú ìsọ̀ mi ká. Mo bá de èyí tó le mọ́ ọn. Nígbà tó di Jímọ̀, tí màmá rẹ̀ jókòó sínú mọ́tò tán, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bútù." "Èmi? Ṣé orí ẹ pé?" "Ẹrù ló ń mú sípíríngì tó le rọ̀, ọ̀gá. Lọ́jọ́ ìdíje, ẹ ó jáde níbẹ̀. Àmọ́ lónìí, ẹrù tó tó yín ò sí níbí." Màmá ní, "Sàláwù, wọlé jàre!" Ó wọlé. Mo rọra ń wa mọ́tò lọ nínú ọyẹ́, ó ń léfòó bí ọkọ̀ ojú omi, àwọn igi ẹ̀gbẹ́ títì ń yọ́ kọjá bí àlá, màmá sì ń tòògbé. "Ó mà tura o," ló wí, kò tiẹ̀ lajú, "Sàláwù, gbogbo Jímọ̀ lo ó máa dùbúlẹ̀ síbẹ̀." "Màmá, ẹ gbà mí!" ló ń ké nínú bútù. A dé mọ́ṣáláṣí, mo fún màmá ní kọ́kọ́rọ́ bútù, mo sáré délé, mo fi irin há ilẹ̀kùn, mo jókòó.