Àwẹ̀ró àti Ìlú Tó Ń Dúró De Agogo

Ẹ má bá ará Ìdí-Àpáta sọ̀rọ̀ eré sísá, ojú ni yóò tì yín. Ẹsẹ̀ ló gba àwọn baba ńlá wọn lọ́wọ́ ogun. Lórí àpáta tí ìlú náà fẹ̀yìn tì, olùṣọ́ kan máa ń jókòó pẹ̀lú agogo. Bó bá rí ewu lọ́ọ̀ọ́kán, á lù ú, tọmọdé tàgbà á sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àṣà kan wà níbẹ̀ tó le ju àpáta náà lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sá kí agogo tó dún. Ojo ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ náà a sì máa bá a dé sàréè. Ogun tán nílẹ̀, àṣà yìí kò tán. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n máa dúró de agogo kí wọ́n tó sá fún òjò.

Obìnrin kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ eré kò kàn nílùú yìí. Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì láti kékeré, ọwọ́ ló sì fi ń rìn, pẹ̀lú igi pẹlẹbẹ méjì tó ń há mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ìkóríta ló ti ń hun agbọ̀n tà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Arọ ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, àwọn aláìlójútì a sì pè é bẹ́ẹ̀ lójú. Ọkọ rẹ̀ wà lóko kòkó lọ́nà jíjìn, ó di ọdún kó tó wálé.

Ọmọ méjì ló ti bí, tí ikọ́ àhúbì pa àwọn méjèèjì, ikọ́ burúkú tí ọmọ á máa hú láìsinmi títí yóò fi bì, tí èémí yóò fẹ́ẹ̀ gé mọ́ ọn lọ́fun. Àwọn aládùúgbò ní àbíkú ni. Àwẹ̀ró ní irọ́ ni wọ́n ń pa, etí òun lòun fi gbọ́ ikọ́ náà. Síbẹ̀, nígbà tó bí ẹ̀kẹta, ó gbà kí wọ́n sọ ọ́ ní Málọmọ́, nítorí orúkọ náà ṣáà bá ẹ̀bẹ̀ tó wà lọ́kàn rẹ̀ mu.

Málọmọ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́jọ́ tí Lájídé, tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ ra kòkó káàkiri, dúró mu omi ní ìkóríta.

"Ìyá Málọmọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ gbọ́, ikọ́ àhúbì ti wọ Ìdó-Ẹrẹ̀! Bí àwọn ọmọ bá hú u tán, tí wọ́n wá fa èémí, ńṣe ló ń dún bí àkùkọ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ti ń kọ. Láti abúlé dé abúlé ló ń rìn bọ̀."

Agbọ̀n bọ́ lọ́wọ́ Àwẹ̀ró. "Ó ń bọ̀ níbí?"

"Ta ni yóò dá a dúró lọ́nà? Àmọ́ nọ́ọ̀sì kan ti dé sílé ìwòsàn Ìkọ̀yàn tó ń fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gbà á, oṣù kọ̀ọ̀kan láàárín. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó gbà á kí ikọ́ tó dé."

Kí ikọ́ tó dé! Inú Àwẹ̀ró dùn débi pé ó fẹ́ẹ̀ gbàgbé pé òun kò lè fò sókè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ikọ́ yìí ti bá a nílé láìròtẹ́lẹ̀. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí òun yóò gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tó ṣì wà lọ́nà. Ó gbọ́wọ́ lé igi rẹ̀, ó di ilé Ṣẹ́gilọlá.

Ṣẹ́gilọlá ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù nínú gbogbo obìnrin Ìdí-Àpáta. Ó ń wẹ Àkànmú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, nígbà tí Àwẹ̀ró já wọlé.

"Ṣẹ́gi, gbé ọmọ rẹ ká máa lọ sí Ìkọ̀yàn!"

Nígbà tó gbọ́ ohun tó fà á, Ṣẹ́gilọlá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá Málọmọ́, ẹ̀yin náà ẹ! Ṣé agogo ti dún ni? Ìkọ̀yàn tí mo lè sá lọ sá bọ̀ kí iṣu tó jinná lórí iná? Ẹ jẹ́ kí ikọ́ ọ̀hún dé ná. Eruku ẹsẹ̀ mi lẹ ó rí."

"Ìwọ tó o lẹ́sẹ̀, dúró dè é. Èmi tí ò lẹ́sẹ̀, ibo ni n óo ti rí àyè ìdúró?"

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, Àwẹ̀ró pọn Málọmọ́, ó mú ọ̀nà pọ̀n. Ẹ wo obìnrin yìí bó ti ń lọ! Ó gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ìdí wọ́ kọjá lórí afárá onígi, ọkàn rẹ̀ ń fò fáyọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń bó. Ìrìn tí ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn ní òwúrọ̀ kan gba odindi ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fún Málọmọ́ ní abẹ́rẹ́, ọmọ figbe ta, ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá," ni nọ́ọ̀sì wí, "n kò sọ pé kò ní húkọ́ rárá o. Bí ikọ́ náà bá tilẹ̀ rí i mú lẹ́yìn tó bá ti gbà á pé, kò wọ́pọ̀ kó lágbára tí yóò fi gbẹ̀mí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ padà wá. Ìjà ni ara ọmọ ń kọ́, ìjà kíkọ́ sì ń gba ọjọ́."

Àwẹ̀ró padà lọ lóṣù kejì. Ó tún lọ lóṣù kẹta. Ìgbà tó ń lọ lẹ́ẹ̀kẹta ni Ṣẹ́gilọlá sáré kọjá lára rẹ̀ lọ sọ́jà, tó kígbe pé, "Ojo ń lọ o! Ẹ bá mi kí ojo!" Ó dun Àwẹ̀ró wọra. Ó fi èémí rẹ̀ pamọ́ fún òkè tó wà níwájú.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń mi orí níbẹ̀ yẹn, tó ń sọ pé òwe tí mo fẹ́ fi parí ìtàn yìí ti dàgbà ju abẹ́rẹ́ lọ. Kí onítọ̀hún mú ìtàn tirẹ̀ wá. Bí wọ́n ti sọ tèmi fún mi nìyí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kẹta, agogo dún! Ọmọ olùṣọ́ fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ bí àkùkọ, bàbá rẹ̀ sì gun àpáta lọ pẹ̀lú omijé lójú. Háà, ẹ wá wo eré! Àwọn ìyá ọlọ́mọ tú jáde, ọmọ lẹ́yìn, gèlè lọ́rùn, eruku sọ bolẹ̀. Àwẹ̀ró jókòó ní ìkóríta, wọ́n ń kọjá lára rẹ̀ bí ẹ̀fúùfù. Ṣẹ́gilọlá ló ṣáájú gbogbo wọn. Bó ti ń kọjá, Àwẹ̀ró gbọ́ tí Àkànmú ń húkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ ikọ́ náà.

Ṣẹ́gilọlá ló kọ́kọ́ dé Ìkọ̀yàn, bó ti wí náà ló rí. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ikọ́ Àkànmú, ó mi orí.

"Ìyàwó, ọjọ́ mélòó ló ti ń hú u?"

"Ó tó ọ̀sẹ̀ kan. Mo rò pé ọ̀fìnkìn lásán ni. Agogo kò tíì dún. Ẹ ṣáà fún un ní abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ dé!"

"Abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í lé ikọ́ tó ti wọlé jáde. Oògùn ni n óo fún un, ẹ ó sì dúró lọ́dọ̀ mi níbí." Àwọn ọmọ tí kò tíì máa húkọ́ gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kí èkejì tó kàn, ikọ́ ti mú púpọ̀ nínú wọn.

Níjọ́ kẹwàá lẹ́yìn agogo, Málọmọ́ húkọ́.

Ọwọ́ Àwẹ̀ró dá dúró lórí agbọ̀n. Málọmọ́ tún húkọ́, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Àwẹ̀ró gbé e lé orókùn, ó tẹ́tí sí ọ̀fun rẹ̀, ẹ̀rù bà á bí kò ti bà á rí láyé. Ó ń dúró de igbe àkùkọ yẹn. Ọmọ húkọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, ó fa èémí wọnú jẹ́ẹ́, ó sì ń wá ọmú kiri. Fún ọjọ́ mélòó kan ló fi húkọ́ báyìí, ó ń húkọ́, ó ń ṣeré. Nígbà tó ṣe, ikọ́ náà lọ. Àwẹ̀ró ké, igbe ayọ̀ ni, gbogbo àdúgbò rò pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́.

Ọmọ márùn-ún ni Ìdí-Àpáta sin lọ́dún náà. Àkànmú kò sí lára wọn, ṣùgbọ́n ó lé lóṣù mẹ́ta kí ikọ́ tó fi í sílẹ̀, ó sì rù kan egungun. Nígbà tí Ṣẹ́gilọlá gbé e dé láti Ìkọ̀yàn, ìkóríta ló kọ́kọ́ yà sí. Ó kúnlẹ̀ níwájú Àwẹ̀ró, ó na ọmọ sí i. Àwẹ̀ró gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lé ẹsẹ̀ kan, Málọmọ́ wà lórí èkejì.

Baálẹ̀ ń kọjá, ó rí wọn, ó sì dúró.

"Àwẹ̀ró, ọmọ mi," ni baba wí, "gbogbo wa la lẹ́sẹ̀, gbogbo wa la sáré. Báwo ni ìwọ ṣe sáré tí o fi yára jù wá lọ?"

"Baba, n kò sáré o. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ó ń bọ̀ ni mo ti gbéra."

 Lọ́jọ́ kejì, Baálẹ̀ ní kí olùṣọ́ máa lu agogo bí ìròyìn ewu bá ti dé, kó má ṣe dúró de ewu fúnra rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.