Bí Ìyá Àgbà Igbín Ṣe Fojú Rí Omi Ẹ̀yìn Òkè

Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ iná díẹ̀ sí i, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tí oorun bá ń kùn kó rọra mú un dání ná, nítorí ẹ̀yin lẹ máa gbe orin. Ààlọ̀ mi dá lórí Igbín, ìyá rẹ̀ arúgbó, àti àwọn ọmọ rẹ̀, tí Pẹ̀lẹ́ kéré jù nínú wọn.

Lẹ́yìn òkè àpáta kan, omi funfun kan wà tó ń já láti òkè wálẹ̀, òṣùmàrè a sì máa dúró nínú rẹ̀. Àwọn ẹyẹ ló ń ròyìn rẹ̀. Láti kékeré ni ó ti ń wu Ìyá Àgbà Igbín láti rí omi yìí. Nísinsìnyí, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ọyẹ́ sì ti fẹ́ dé, ìgbà tí gbogbo igbín máa ń ti ilẹ̀kùn ìkarahun wọn, tí wọ́n á sùn títí òjò á fi rọ̀.

Ó ní, “Igbín ọmọ mi, bí mo bá tilẹ̀kùn lọ́dún yìí, ta ló mọ̀ bóyá màá ṣì ríran nígbà tí mo bá ṣí i?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Igbín lára. Ó kó ìyá, ó kó ọmọ, ó di ìrìn àjò. Wọn ò di ẹrù. Ta ní ń di ẹrù nígbà tí ilé wà lẹ́yìn rẹ̀? Wọ́n pàgọ́ sábẹ́ ewé kókò nísàlẹ̀ òkè, wọ́n sùn síbẹ̀. Nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀, wọ́n gbéra.

Nílé Igbín, àgbà ló ń ṣíwájú. Ìyá Àgbà á fi omi yíyọ̀ ara rẹ̀ tẹ́ ọ̀nà, àwọn tó kù á máa fà lé e. Bí wọ́n ti ń lọ ni wọ́n ń kọrin:

Òkè gíga, dúró dè mí o,
*Wọ́ọ́rọ́wọ́, à ń bọ̀.*
Omi funfun, má tíì gbẹ o,
*Wọ́ọ́rọ́wọ́, à ń bọ̀.*
Ilé mi rèé lẹ́yìn mi o,
*Wọ́ọ́rọ́wọ́, à ń bọ̀.*
Ìyá mi á fojú rí ọ o,
*Wọ́ọ́rọ́wọ́, à ń bọ̀.*

Wọ́n dé ibi tí olú hù sí, ó funfun lọ salalu bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn. Àwọn ọmọ ń wò, wọ́n ń yọ̀. Ehoro kọjá, fìrì! Ó ní, “Ẹ kú ìrìn o! Àbí kí n kúkú ní ẹ kú ìjókòó?”

Wọ́n gbé orin, wọ́n ń lọ.

Wọ́n dé ìdí ọ̀pẹ tí ẹ̀gà kọ́lé sí, ilé ń mì dirodiro lórí wọn. Ọ̀kẹ́rẹ́ yọjú lára igi. “Ìyá Àgbà, kí ẹ tó débẹ̀, omi yẹn á ti gbẹ!”

Ìyá Àgbà ní, “Ọmọ mi, ojú ni mo fẹ́ fi wò ó, kì í ṣe ẹsẹ̀.”

Wọ́n gbé orin, wọ́n ń lọ.

Wọ́n dé ibi àpáta. Àpáta náà dúró gangan, ó dán bí ọmọ ọlọ. Ehoro náà fẹ́ rí omi ọ̀hún: ó fò ó, ó yọ̀, gbìì! Ọ̀kẹ́rẹ́ gùn ún, ó yọ̀, pọ̀ọ̀! Ọ̀bọ jókòó sílẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ìdí tó ti bó. Ó ní, “Ẹ padà, ẹ̀yin ará ilé ìkarahun. Ibi tí ọlọ́wọ́ ò ti rí nǹkan dìmú, kí lẹ fẹ́ fi gùn ún?”

Ìyá Àgbà ṣíwájú. Oòrùn ti mú. Nígbà tó dé ìdajì, omi ara rẹ̀ gbẹ táútáú. Ó fà, kò lọ. Ó tún fà, ó yọ̀ padà, ṣìọ̀ọ̀!

Ọ̀bọ rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Igbín wo ìyá rẹ̀. Ó wo ara tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ, ó tutù minijọ. Ojú tì í. Ó sọ lọ́kàn pé, “Ọ̀wọ̀ la pe èyí, àṣé iṣẹ́ gbogbo wa la dì lé arúgbó lórí.” Ó tẹ ìwo rẹ̀ ba mọ́lẹ̀. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́yìn.”

“Èmi? Kí n máa tẹ̀ lé Pẹ̀lẹ́, ọmọ àná?”

“Ìyá, ẹ ti tẹ́ ọ̀nà fún wa láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ ká tẹ́ tiyín.”

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. “Ó dáa. Pẹ̀lẹ́, máa lọ níwájú. Ṣùgbọ́n má sáré jù o!”

Pẹ̀lẹ́ tó kéré jù ló ṣíwájú, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀ lé e, Igbín tẹ̀ lé wọn. Ẹnì kan tẹ́ ẹ, ẹlòmíràn tún un tẹ́, títí ọ̀nà náà fi ń dán yanranyanran. Ìyá Àgbà bọ́ sórí rẹ̀, ara rẹ̀ tutù, ó ń gùn ún yọ̀ọ̀, yọ̀ọ̀.

Òkè gíga, dúró dè mí o,
*Wọ́ọ́rọ́wọ́, à ń bọ̀.*

Wọ́n dé orí òkè. Wàààà! Omi ń já, ó ń hó, ó funfun bí òwú, òṣùmàrè sì tẹ̀ kọdọrọ nínú rẹ̀. Ìyá Àgbà na ojú rẹ̀ méjèèjì sókè, ó nà wọ́n débi tí wọ́n lè nà dé. Ó kígbe, “Mo rí i! Ojú mi ni mo fi rí i!”

Ehoro pariwo láti ìsàlẹ̀, “Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe rí?”

Kò gbọ́. Ó ń wo omi.

Ohun tí ààlọ̀ mi kọ́ wa ni pé fífi àgbà síwájú nìkan kọ́ ni ọ̀wọ̀. Nígbà tí agbára àgbà bá ń tán, ọmọ gidi ni yóò tẹ́ ọ̀nà fún un. Ibi tí mo gbọ́ ọ dé ni mo sọ ọ́ dé. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí igbín sá mọ́ mi lọ́wọ́.