Ata Onírun tí Tata Kò Náání

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi ń fò bọ̀ lọ́nà, inú oko ata ló balẹ̀ sí.

Ní ìgbà kan rí, ìyá àgbà kan wà tí ń jẹ́ Ẹfúnyẹmí. Oko ata ló fi ń bọ́ Àjọkẹ́, ọmọ-ọmọ rẹ̀. Oríṣi ata méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan pọ̀, ewé rẹ̀ rọ̀. Èkejì kò pọ̀; ewé rẹ̀ le, ó sì ní irun kéékèèké lára.

Ẹ ṣáà mọ Tata, ọ̀fun tí kì í sinmi. Ó pe gbogbo kòkòrò oko jọ, ó ní òun ni àgbà wọn. Ó bi wọ́n bóyá ọmọdé a máa tọ́ iṣu tuntun wò ṣáájú àgbà. Wọ́n ní rárá.

Tata ní, “Ó dáa. Ewé rírọ̀, tèmi ni. Ẹ lọ máa jẹ onírun yẹn.”

Wọ́n lọ. Irun ewé há wọn lẹ́sẹ̀. Ewé náà le, ó tún korò. Ẹyin tí wọ́n yé sórí rẹ̀ kò pa. Ebi pa ọ̀pọ̀ wọn kú, ìyókù kó lọ sí igbó. Kò kan Tata. Ó dá ewé rírọ̀ jẹ títí ó fi ku igi lásán, kò jẹ́ kí ẹyọ kan so.

Ẹfúnyẹmí dé oko, ó káwọ́ lérí. Ata onírun nìkan ló so, ìwọ̀nba sì ni. Àjọkẹ́ ní kí àwọn ká a sọ́bẹ̀, ṣebí ẹ̀mí tí kò jẹ ata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n nílé ìyá yìí, ata tó bá kọ́kọ́ pọ́n kì í wọ ìkòkò. Irúgbìn ni.

Ìyá fọwọ́ kan igi ata náà. Ó ní, “O ṣeun tí o dúró tì mí. Ọmọ rẹ ni n óò gbìn.”

Wọ́n ń jẹ ọbẹ̀ tí kò láta títí òjò fi dé.

Nígbà tí oko tún hù, Tata kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá jẹun. Ewé onírun ló kún ibẹ̀ káàkiri. Ó bu ọ̀kan jẹ, ó tu ú dànù. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ wojú rẹ̀.

“Bàbá, ewé rírọ̀ tí ẹ ní ó jẹ́ tiwa dà?”

Tata ti jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó bí wọn. Ó kó wọn wọgbó lọ wá koríko.

Nígbà tí ata náà pọ́n, Àjọkẹ́ jẹ ọbẹ̀ ata. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àgbà.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ: ọ̀kánjúwà a máa jẹ tirẹ̀ tán, a sì jẹ ti ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn. Bí ata bá ta yín lẹ́nu lálẹ́ òní, ẹ má bínú sí i. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ èyí tó dúró, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ọbẹ̀ tí kò láta kí tiyín lè ta.