Bí Akàn Ṣe Di Ẹni Tó Ń Fi Ẹ̀gbẹ́ Rìn

Nígbà láéláé, nígbà tí èèyàn àti ẹran omi ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, tààrà ni akàn ń rìn. Ó sì máa ń fi ìrìn náà yangàn!

Ní ìgbà yẹn, koríko tútù bo ìsàlẹ̀ òkun létí ìlú Ayérìn. Inú rẹ̀ ni edé ń tọ́ ọmọ sí. Ibẹ̀ ni ẹja kéékèèké ń sá sí bí kútà, ẹja eléyín mímú, bá ń lé wọn.

Àfi bí àwọn apẹja ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í so òkúta mọ́ àwọ̀n. Wọ́n ń wọ́ ọ nísàlẹ̀ omi, ó sì ń fa koríko tu. Nígbà tó yá, ìsàlẹ̀ òkun pá bí orí arúgbó.

Kútà bá dé! Ó gbé ọmọ edé, ó gbé ọmọ ẹja. Àwọn tó kù sá lọ. Àwọ̀n ń jáde lófìfo, ebi sì wọ ìlú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Edé fò jáde sí etí omi níbi tí Orímisàn, olórí àwọn apẹja, káwọ́ lẹ́rán sí.

"Bàbá Orímisàn, ẹ̀yin lẹ tú ilé wa! Kútà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ọmọ mi tán!"

"Edé, a ò mọ̀ ni," Orímisàn dáhùn. "A rò pé koríko lásán ni. Àwọn ọmọ tèmi náà sùn láìjẹun lánàá. Kí la máa ṣe?"

"Ẹ tú òkúta kúrò lára àwọ̀n. Kí ẹ fi ọkọ̀ gbé koríko wá láti etí erékùṣù iwájú yẹn, níbi tó ṣì kù sí. Àwa á gbìn ín."

"Ó parí!" Orímisàn dìde fìrì.

Kí oòrùn tó kàtàrí, gbogbo ìlú ti wà lójú omi! Ọkùnrin ń tukọ̀, obìnrin ń kó koríko tòun ti gbòǹgbò, orin gba ibẹ̀ kan!

"Ta ni yóò gbẹ́ ihò?" Edé bèèrè.

"Èmi ni!" Akàn na èékánná rẹ̀ sókè.

Ó gbẹ́ ihò, ó ki koríko bọ̀ ọ́, ó sáré síwájú. Yéè! Ó ti tẹ èyí tó gbìn mọ́lẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn rìn. Gbì! Ó jókòó lé àwọn ọmọ edé tó ń gbé koríko tẹ̀ lé e.

"Akàn, ṣé o fẹ́ pa wá ni?" wọ́n ké.

Ojú tì í. Ó dúró, ó ronú. Ó wá rọra gbé ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Kò tẹ ẹnikẹ́ni! Ó gbẹ́, ó gbìn, ó yẹ̀. Ó gbẹ́, ó gbìn, ó yẹ̀!

"Ó ń ṣe é o!" Orímisàn kígbe. "Ẹ kó koríko wá sí i!"

Lójijì, kútà yọ! Àwọn ọmọ edé figbe ta. Àwọn ará ìlú bá gbé àjẹ̀, wọ́n ń fi lu omi, gbàù! gbàù! Ẹ̀rù ba kútà, ó sá. Akàn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ṣáà ń gbìn ni.

Ojoojúmọ́ ni Akàn ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn gbìn ín. Nígbà tí òjò ọdún yẹn máa fi dá, koríko ti ta gbòǹgbò. Ẹja padà wá, ọ̀wọ́ lọ́wọ̀ọ́! Inú Akàn dùn, ó fẹ́ sáré lọ kí wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀! Ẹ̀gbẹ́ ló ń lọ.

"Edé, gbà mí! Ẹsẹ̀ mi ti gbàgbé ọ̀nà iwájú!"

Edé rẹ́rìn-ín. "Ìrìn tó kọ́lé fún wa nìyẹn. Máa rìn ín lọ."

Láti ọjọ́ náà ni akàn ti ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Bí ẹ bá sì rí i létí òkun, ẹ yà fún un: ọwọ́ rẹ̀ dí.